D. O. Fágúnwà, Ọmọ Òkè-Igbó: Ìtàn Ayé Rẹ̀ àti Ẹ̀kọ́ Nípa Ojú Inú

  

Ìtàn ìgbésí-ayé ẹni ńlá kan tí ó ti kú ni a máa ń gbé sí ojú ewé yìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá ni a máa ń sọ̀rọ̀ wọn. Lọ́dún yìí, a yà sí ìtòsí ilé, ohun kan ni ó sì fà á.

Ní àkókò kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwa olùkọ́ rí ìwé kékeré kan lọ́wọ́ ọmọ kan ní ilé-kéwú kan ní agbègbè Arákalẹ̀ yìí. Ọmọ náà ti kọ ìtàn ẹyẹ kan tí ó ń gbé inú òkúta, tí ó ń sọ èdè Lárúbáwá ní ọ̀sán, tí ó sì ń sọ Yorùbá ní òru. Inú bí olùkọ́ náà. Ó ní irọ́ ni ọmọ náà ń pa, ó sì fa ìwé náà ya lójú gbogbo kíláàsì. Láti ọjọ́ náà ọmọ náà kò kọ ìtàn mọ́. Nígbà tí ó ṣe, bàbá rẹ̀ wá bá wa. Wọn kò wá jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: ẹni tí ó bá fi ojú inú rí ohun tí kò sí, tí ó sì sọ ọ́, ṣé òpùrọ́ ni? Ẹnu wa kò gba ìdáhùn lọ́jọ́ náà. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí ni ìdáhùn wa.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Àkúrẹ́, tí ó gba ìlú Oǹdó kọjá, tí ó sì dojú kọ apá Ilé-Ifẹ̀, yóò dé ilẹ̀ Òkè-Igbó. Ní ayé ogun ilẹ̀ Yorùbá, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti ààbọ̀ sẹ́yìn, ni àwọn ọmọ Ifẹ̀ tí Dérìn Ọlọ́gbénlá jẹ́ olórí wọn fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ ìlú náà ti sọ irú ibi tí ó jẹ́: òkè ni, igbó sì ni.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà sí ní ọdún 1903. Joshua Akíntúndé ni orúkọ bàbá rẹ̀, Rachel Ọ̀ṣúnyọmí sì ni ìyá rẹ̀. Orúkọ ìdílé wọn fi hàn pé onífá ni àwọn baba ńlá wọn, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ ti gba ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì. Oròówọlé ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tí ó dàgbà ni ó mú orúkọ Ọlọ́runfẹ́mi, èyí tí ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin ọmọdé fi ojú inú wo irú ìlú bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Kò sí iná mànàmáná, kò sí rédíò, kò sí tẹlifíṣọ̀n. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àlọ́ ni àwọn ọmọdé ń gbọ́ lábẹ́ òṣùpá. Bí ọdẹ bá ti igbó dé, ìròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí ni gbogbo ilé máa ń pé jọ gbọ́. Igbó náà kò jìnnà; ní ẹ̀yìnkùlé ni ó wà.

Ní ọdún 1916 ni ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé St. Luke's ní Òkè-Igbó, nígbà tí ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá. A ń sọ èyí kí ọmọ tí ó bá pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé tàbí kéwú má baà sọ ìrètí nù. Lẹ́yìn tí ó ṣe tán níbẹ̀, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, St. Andrew's, ní Ọ̀yọ́, láti ọdún 1926 títí di 1929.

OLÙKỌ́ ÀWỌN ỌMỌ KÉKERÉ

Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, Ọ̀yọ́ náà ni ó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, láàárín ọdún 1930 sí 1939, ní ilé-ìwé àwọn ọmọdé tí ó wà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. A fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wa fiyè sí èyí. Ọkùnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì. Àwọn ọmọ kékeré ni ó ń kọ́ ní a, b, d. Ó mọ ohun tí ń mú ọmọdé la ojú sílẹ̀, ó sì mọ ohun tí ń mú un sùn ní kíláàsì.

Ní ọdún 1936, ẹ̀ka ìjọba tí ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí ṣe ìdíje ìwé kíkọ. Fágúnwà kọ ìtàn kan, ó sì fi ránṣẹ́. Ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1938, pẹ̀lú orúkọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ ìtàn gígùn ní èdè wa, nítorí pé I. B. Thomas ti kọ ìtàn Sẹ̀gilọlá nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. Ṣùgbọ́n ìtàn Sẹ̀gilọlá dà bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgboro Èkó lóòótọ́. Ti Fágúnwà yàtọ̀: inú igbó tí kò sí ẹni tí ó dé rí ni ó mú wa lọ.

Bí ìtàn náà ti lọ ni pé akọ̀wé kan jókòó, bàbá arúgbó kan sì wá bá a, ó ní kí ó mú kálámù àti ìwé, kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Àkàrà-Ògùn ni orúkọ bàbá náà, ọdẹ sì ni. Ó sọ bí òun ti wọ igbó irúnmalẹ̀, àti bí ọba ìlú òun ti rán òun àti àwọn akọni mìíràn lọ sí Òkè Láńgbòdó láti mú ohun tí yóò fún ìlú ní àlàáfíà wá. Kàkò wà níbẹ̀, alágbára ni. Ìmọ̀dóye wà níbẹ̀, ọlọ́gbọ́n ni. Olóhùn-iyọ̀ wà níbẹ̀, akọrin ni. Wọ́n jà, wọ́n jìyà, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, àgbà tí ń gbé ilé olójúlé méje, ẹni tí ó fi ọjọ́ méje kọ́ wọn ní ọgbọ́n.

ṢÉ IRỌ́ NI?

Níbi yìí ni ìbéèrè bàbá ọmọ ọjọ́sí ti tún dé. Kò sí ẹni tí ó rí Àkàrà-Ògùn rí. Ṣé irọ́ ni Fágúnwà pa?

Àwọn onímọ̀ tiwa ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Ibn Siinaa, tí wọ́n bí nítòsí Bukhara ní ọdún 980, tí ó sì kú ní Hamadan ní ọdún 1037. Oníṣègùn ni, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì ni. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ash-Shifaa, ó ṣàlàyé pé bí ènìyàn ti ní ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara tí ó fi ń mọ ohun tí ó wà ní òde, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ní agbára márùn-ún ní inú.

Agbára kìíní ń kó ohun tí àwọn ti òde mú wá jọ sí ojú kan. Òun ni a fi ń mọ̀ pé ohun funfun tí ojú rí àti ohun dídùn tí ahọ́n tọ́ wò, ṣúgà kan náà ni. Èkejì ni al-khayaal. Àká ni, ó ń tọ́jú àwòrán nǹkan lẹ́yìn tí nǹkan náà bá ti kúrò lójú. Ẹ̀kẹta ni al-mutakhayyila. Òun ni ó ń wọ inú àká yìí lọ, tí ó ń tú àwọn àwòrán sí wẹ́wẹ́, tí ó sì ń so èyí mọ́ ìyẹn bí ó ti wù ú. Ẹ̀kẹrin ni al-wahm. Òun ni àgùntàn fi ń mọ̀ pé ọ̀tá òun ni ìkookò, bẹ́ẹ̀ ìṣọ̀tá kò hàn ní awọ tàbí ní ìrù ìkookò. Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí ń pa ohun tí al-wahm mọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé Fágúnwà dán èyí wò. Iwin kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ Agbákò. Ó dé fìlà irin, ó wọ ẹ̀wù idẹ, ó sì ní ojú mẹ́rìndínlógún yí orí ká. Fágúnwà kò rí Agbákò rí. Ṣùgbọ́n ó ti rí irin lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ó ti rí idẹ, ó ti rí fìlà àti ẹ̀wù, ó sì ti rí ojú. Inú àká ni ó ti kó gbogbo wọn, ó wá tò wọ́n bí ẹnikẹ́ni kò ti tò wọ́n rí. Ènìyàn kò lè dá ohunkóhun láti inú òfìfo. Ọlọ́hun nìkan ni ó lè ṣe èyí. Ohun tí Ọlọ́hun ti dá ni ojú inú ń tún tò.

Ẹ wò ó pẹ̀lú, kì í ṣe onítàn nìkan ni ó ń lo agbára yìí. Káfíńtà ti rí àga nínú pákó kí ó tó gbé ayùn. Télọ̀ ti rí agbádá nínú aṣọ kí ó tó gé e. Àgbẹ̀ ti rí iṣu nínú ebè tí kò tíì hù. Bí a bá pe ọmọ tí ó rí ẹyẹ nínú òkúta ní òpùrọ́, kí ni a ó pe káfíńtà?

Èdè wa pàápàá mọ ìyàtọ̀ náà. Irọ́ ni ohun tí a sọ kí ẹlòmíràn lè gbà pé òótọ́ ni, kí a sì fi tàn án jẹ. Àròsọ ni ohun tí a rò tí a sì sọ, tí ẹni tí ń gbọ́ náà mọ̀ pé a rò ó ni. Ìdí nìyí tí apàlọ́ fi máa ń kọ́kọ́ ké, tí àwọn ọmọ yóò sì dáhùn, kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti dáhùn kò lè sọ pé wọ́n tan òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé kíláàsì òkè ní ilé-kéwú mọ Maqaamaat tí al-Hariri ará Basra kọ, ẹni tí ó gbé ayé láàárín ọdún 1054 sí 1122. Àwọn àgbà àlùfáà ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ìwé náà kọ́ ìjìnlẹ̀ èdè Lárúbáwá tipẹ́. Abuu Zayd tí ó kún inú rẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ́ púpọ̀, ẹni àròsọ ni. Al-Haarith tí ń ròyìn rẹ̀ náà, ẹni àròsọ ni. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, al-Hariri dáhùn sí àwọn tí yóò bá a wí, ó tọ́ka sí àwọn ìtàn tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀ láti fi kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n, ó sì fi yé wọn pé èrò ọkàn ni a fi ń ṣe ìdájọ́ iṣẹ́. A ti ka ìwé yìí, a sì ti fi kọ́ ọmọ, kí a tó fa ìwé ọmọ kan ya nítorí ẹyẹ. Ojú tì wá nígbà tí a rántí rẹ̀.

ÒKÈ ÌRÒNÚ

Ṣùgbọ́n Ibn Siinaa kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Ó ní bí agbára kẹta yìí bá ń dá rìn, al-mutakhayyila ni orúkọ rẹ̀. Bí làákàyè bá gba ìjánu rẹ̀, orúkọ rẹ̀ yí padà, ó di al-mufakkira, agbára ìrònú. Agbára kan náà ni. Ẹni tí ń darí rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ń darí rẹ̀, yóò máa rìn gbéregbère bí ẹṣin tí kò sí ẹni lórí rẹ̀. Àwọn àgbà mọ èyí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Àká rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà á, làákàyè kò sì sí níbẹ̀ láti sọ fún un pé ekòló ni.

Ìgbésí-ayé Fágúnwà àti ìwé rẹ̀ dà bí àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1946 títí di 1948. Nígbà tí ó dé, ìwé mẹ́ta jáde lórúkọ rẹ̀ ní ọdún kan ṣoṣo, 1949. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jẹ́ àròsọ. Ẹ̀kẹta, Ìrìnàjò Apá Kìíní, jẹ́ ìròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí lójú ọ̀nà àti ní ìlú òyìnbó. Apá kejì tẹ̀lé e ní 1951. Ọwọ́ kan náà ni ó kọ ọ́, kò sì dà wọ́n pọ̀. Níbi tí ó ti yẹ kí ó ròyìn, ó ròyìn. Níbi tí ó ti yẹ kí ó ro ìtàn, ó rò ó. Ẹni tí ó bá ń pa irọ́ kì í ya àká méjèèjì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1954 ni Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje jáde. Àwọn ọdẹ tún gbéra, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń lọ ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí: Òkè Ìrònú ni. Ẹ wo orúkọ méjèèjì. Ìrìnkèrindò ni ojú inú tí ń rìn káàkiri igbó, tí ń pàdé iwin ní ìyànà kan àti ẹranko abàmì ní ìyànà kejì. Òkè Ìrònú ni ibi tí ìrìn náà dojú kọ. A kò sọ pé Fágúnwà ka Ibn Siinaa. Ohun tí a sọ ni pé olùkọ́ ará Òkè-Igbó àti oníṣègùn ará Bukhara rí ohun kan náà: ojú inú dára, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí ó ń lọ.

Àbùkù kò sì ṣàì sí. Àwọn kan ti sọ pé ìwàásù pọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀, pé bí ìtàn bá ti ń dùn ni yóò dúró láti gba òǹkàwé níyànjú. Òótọ́ ni. Nígbà mìíràn, làákàyè rẹ̀ a máa fa ìjánu náà le jù. Bákan náà, ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ni ó ń ṣe, ó sì hàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mùsùlùmí tí ó bá ń kà á yóò mọ ibi tí òun ti gbọ́dọ̀ yà. A kì í torí pé ẹja ní eegun kí a má jẹ ẹja.

IṢẸ́ RẸ̀, IKÚ RẸ̀ ÀTI OHUN TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Kírísítẹ́nì àti ọmọ onífá rọ́ wọ ilé-ìwé, ìwé kíkà sì di ohun tí gbogbo wọn ń fẹ́. Ọdún náà ni Fágúnwà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹ̀ka ìwé títẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn. Òun àti L. J. Lewis náà ni wọ́n kọ ìwé Táíwò àti Kẹ́hìndé tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi kọ́ Yorùbá kíkà. Ní 1955 kan náà ni ó gba ẹ̀bùn Margaret Wrong, ní 1959 sì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá. Lẹ́yìn èyí ó di aṣojú ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé Heinemann ní orílẹ̀-èdè wa. Àdììtú Olódùmarè, ìtàn gígùn rẹ̀ karùn-ún, jáde ní 1961.

Lẹ́nu iṣẹ́ ìwé yìí ni ikú bá a. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, odò gbé e lọ ní Wuya, nítòsí Bídà. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni.

Ìwé rẹ̀ kò bá a lọ. Wole Soyinka túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó sì túmọ̀ Igbó Olódùmarè ní 2010. Dapo Adeniyi túmọ̀ Ìrìnkèrindò ní 1994, Òkè Ìrònú ni ó sì fi ṣe àkọlé rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wale Ogunyemi sọ ìrìn-àjò Láńgbòdó di eré orí ìtàgé, èyí tí Nàìjíríà gbé jáde ní àjọ̀dún FESTAC ní 1977. Nígbà tí ó pé àádọ́ta ọdún tí ó kú, ní 2013, àwọn ọ̀mọ̀wé ti ilé àti ti òkè òkun péjọ sí Àkúrẹ́ wa níbí láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ FÚN GBOGBO WA

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kún àká yín. Ojú inú kò lè tò ju ohun tí ojú òde bá kó wá lọ. Ẹ máa wo ewé, ẹ máa wo òkúta, ẹ máa tẹ́tí sí àgbà, ẹ máa ka ìwé. Ẹ sì máa sọ òtítọ́. Bí wọ́n bá rán yín ní ọjà, tí owó sì dín, kí ẹ má sọ pé àròsọ ni. Àròsọ ní àyè tirẹ̀, ẹ̀rí jíjẹ́ náà sì ní àyè tirẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń sọ ohun àrà, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ó rò ó ni tàbí ó rí i. Bí ó bá lè dáhùn, làákàyè rẹ̀ wà lórí ẹṣin. Ẹ kọ́ ọ bí a ti ń gùn ún.

Ẹ̀yin jàmáà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan ni èyí. Ẹni tí ó yó, tí ó sì ń mú nínú owó rẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa, kí ni ó fi rí ebi náà? Inú tirẹ̀ kò ṣófo. Ojú inú ni ó fi rí i. Ẹni tí ojú inú rẹ̀ bá fọ́, àánú rẹ̀ kì í rìn jìnnà.

Ní ti ọmọ tí a fa ìwé rẹ̀ ya, olùkọ́ náà wà lára àwa tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti lọ sí ilé wọn, ó sì ti bẹ ọmọ náà lójú bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó mú ìwé tuntun kan àti bírò lọ fún un. Ọmọ náà gbà á, ó sì dúpẹ́. A kò tíì bi í bóyá ó ti kọ nǹkan sí i.

Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí ojú inú wa ríran, kí ó fi làákàyè ṣe olùdarí rẹ̀, kí ó sì dá àwọn ọmọ wa sí fún wa. Àmín.